Irun Bíńtín Ìpàkọ́ Mi

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹni tó bá rí orí mi lọ́dún tó kọjá yóò gbà pé òótọ́ ni. Onígbàjámọ̀ ni mí. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń gẹ irun fún àwọn èèyàn nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, lórí àga kan náà, síbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan irun orí ara mi ń hù bí oko tí olóko ti sá fi sílẹ̀. Àwọn oníbàárà ò yé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan ní òun ń bẹ̀rù kí ẹyẹ má lọ yé ẹyin síbẹ̀. Òmíràn bi mí bóyá mo ti fẹ́ di wòlíì. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, èmi náà á sì fún wọn lésì, torí ẹni tí kò lè gba yẹ̀yẹ́ kò gbọ́dọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun. Ṣùgbọ́n n kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnì kankan.

Ìdí rẹ̀ ni pé mo ṣèlérí. Àbúrò mi nìkan ló ń gẹ orí mi, àbúrò mi sì ti kú.

Báyìí-ńkọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Èmi ni mo ń gẹrun, òun ló ń gbé dígí kékeré sẹ́yìn orí oníbàárà nígbà tí mo bá parí, kí onítọ̀hún lè rí ìpàkọ́ ara rẹ̀ nínú dígí ńlá tó wà lára ògiri. Ọwọ́ méjèèjì ló fi ń gbé e. Á yọ ahọ́n díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, á wá bèèrè pé, "Báyìí ńkọ́?" Ó di dandan kí o dáhùn. Bí o bá kàn mi orí lásán, á tún bi ọ́. Àfi kí o sọ pé "Ó péye!" kó tó gbé dígí kúrò. Bí o bá ti sọ ọ́ tán, á fò sókè, á pàtẹ́wọ́, á dì mọ́ ọ pẹ̀lú aṣọ tó kún fún irun, bí ẹni pé ìwọ lo yege ìdánwò.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí ìyá wa bí i. Dókítà jókòó ti ìyá wa, ó ṣàlàyé pé Dáùn sínńdíróòmù ni wọ́n ń pe ohun tó mú kí ojú ọmọ náà rí pẹlẹbẹ, pé bí wọ́n ṣe dá a láti inú oyún nìyẹn, kì í ṣe àìsàn tí èèyàn ń lo oògùn sí. Ó ní kò ní tètè rìn, kò ní tètè sọ̀rọ̀, ọkàn rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Ìyá wa gbọ́ ọ títí dé ìparí.

"Dókítà, ẹ ṣé o," ni ìyá wa wí. "Ṣé ó máa lè rẹ́rìn-ín?"

Dókítà ní á lè rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà náà."

Ó sì rẹ́rìn-ín fún ọdún mẹ́tàlélógójì. N kò ní purọ́ sọ pé áńgẹ́lì ni. Olóríkunkun paraku ni. Bí ó bá ń wọ bàtà, o lè lọ sun oorun kí o jí kó ṣì máa so okùn ẹsẹ̀ kìíní. Bí o bá gbé oúnjẹ rẹ sílẹ̀ tí o lọ fọwọ́, o ti ṣe é lóore nìyẹn. Kò sì mọ "ẹ", kò mọ "wọn". Gbogbo ayé ni "ìwọ" lójú rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé kan wá gẹrun lọ́jọ́ kan, ọkùnrin tó gbé iyì wọ̀ bí ẹ̀wù, àbúrò mi gbé dígí sí i lẹ́yìn, ó ní, "Ìwọ, báyìí ńkọ́?" Ọkùnrin náà fa ojú ro bí ẹni mu omi ewúro. Ó bi mí pé ṣé wọn ò kọ́ ọmọ yìí nílé ni. Mo ní wọ́n kọ́ ọ, kò gbà ni. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún padà wá. Nígbà tó fi máa pé oṣù kan, bí àbúrò mi kò bá tíì pè é ní ìwọ, kò ní dìde lórí àga. Ó ní níbi iṣẹ́ òun kò sí ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́.

Òun ló ń gbá irun tó bá já sílẹ̀. Á gbá a jọ sójú kan, funfun, dúdú, pupa, á sọ fún wọn pé kí wọ́n má jà. Bí ọmọdé bá ń sunkún nítorí ariwo kílípà, á kọ́kọ́ jókòó fúnra rẹ̀, á ní kí n fi ẹ̀yìn kílípà yí orí òun ká, á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń rìn ní gìlìgìlì, títí ọmọ náà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé ó kan òun. Oníbàárà méjì sọ fún mi lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pé ojú rẹ̀ ń ba àwọn lẹ́rù. Mo fi ọ̀nà ìta han àwọn méjèèjì, ọ̀kan nínú wọn lọ pẹ̀lú ìlàjì orí.

Lẹ́yìn tí ìyá wa kú, ọ̀dọ̀ mi ló wá ń gbé, ní yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó mi gbìyànjú. N kò bá a wíjọ́. Nígbà tó di ọdún kẹta ó ní òun ò lè fẹ́ ọkọ méjì pọ̀, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé kékeré nínú wọn ló ń dá òun lóhùn, àgbà ń dákẹ́. Ó kó ẹrù rẹ̀. Àbúrò mi bá a gbé àpótí dé ojú títì, ó dì mọ́ ọn, ó padà wálé, ó bi mí pé ìgbà wo ló ń bọ̀.

Ohun kan wà tí n kì í fẹ́ rántí. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà náà, mo mú un lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin láti pàdé ẹ̀gbọ́n wa obìnrin. Èrò pọ̀ bí eṣú. Mo jáwọ́ lára rẹ̀ kí n lè gbé àpò ẹ̀gbọ́n wa, mo ní kó máa tẹ̀ lé mi. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọkùnrin kan wà tó wọ ẹ̀wù búlúù bíi tèmi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni àbúrò mi tẹ̀ lé, jẹ́jẹ́, láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkùnrin náà. Ìgbà tí onítọ̀hún ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò ló tó mọ̀ pé òun ti di bàbá ọmọ. Ó mú un padà wá, Ọlọ́run á ṣe é lóore. Ó ti tó wákàtí mẹ́rin tí mo ti ń sáré kiri bí ajá dìgbòlugi. Bí mo ṣe rí àbúrò mi, mo gbá a létí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo gbé ọwọ́ sókè sí i láyé mi nìyẹn. Lẹ́yìn náà mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín èrò, mo bú sẹ́kún. Ó lóṣòó tì mí, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú mi.

"Bọ̀dá," ó ní, "ẹ̀yìn gbogbo èèyàn jọra."

Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti jáde nílé, á di etí ẹ̀wù mi mú lẹ́yìn, á dì í gírígírí. Nígbà tó dàgbà tí irùngbọ̀n hù ú, kò jáwọ́. Gbogbo ẹ̀wù mi ló gùn lẹ́yìn ju iwájú lọ. Mo máa ń pariwo mọ́ ọn pé ó ń ba aṣọ mi jẹ́, pé ìgbà wo ló fẹ́ rìn bí ọkùnrin. Á fi í sílẹ̀ fún ìṣísẹ̀ mẹ́ta, á tún mú un.

Obìnrin kan wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi nígbà tó yá. Ó kéré lára tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pè é ní Kékeré, ó sì ní láti gun àpótí kó tó lè rí àtàrí oníbàárà. Òun ló kọ́ àbúrò mi ní bí wọ́n ṣe ń di kílípà mú, pẹ̀lú kóòmù kékeré tí wọ́n ń fi bọ ẹnu kílípà kí ó má bàa jẹ ara. Orí kan ṣoṣo ni mo gbà kó máa gẹ̀, orí tèmi. Ọjọ́ Sátidé lọ́jọ́ rẹ̀, lẹ́yìn tí oníbàárà tó kẹ́yìn bá lọ. Á bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, á wọ tèmi tí mo fi ń ṣiṣẹ́, á bu páúdà sí mi lọ́rùn títí n ó fi sín. Á gẹrun náà fún wákàtí kan àti ààbọ̀, á máa kọrin tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Ó sì gẹ̀ ẹ́ dáadáa, n kò ní fi torí pé ó jẹ́ àbúrò mi sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun kan ló kù. Ní gbogbo Sátidé, á fi irun bíńtín sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìpàkọ́ mi, lápá òsì, kò ju èékánná ìka kékeré lọ. Bó bá sì kan dígí, á gbé e sí mi lẹ́yìn, á ní "Báyìí ńkọ́?", bí mo bá ti ní "Ó péye!" dígí ti lọ nìyẹn, n kì í rí nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ìka mi rí i. Mo rò pé ọwọ́ rẹ̀ kò tó ibẹ̀ ni, tàbí pé ojú rẹ̀ kò rí i dáadáa. N kò fẹ́ sọ fún un, torí inú rẹ̀ ń dùn. N kò sì fẹ́ kí àwọn oníbàárà rí i lọ́jọ́ Ajé kí wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nítorí náà, bí ó bá ti wọ ilé ìwẹ̀, tí mo bá ń gbọ́ omi àti orin, mo máa ń mú abẹ, mo máa ń fi ìka tọ́ ọ̀nà, mo sì máa ń fá irun bíńtín náà dànù. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlá. Mo rò pé ìfẹ́ ni mo ń ṣe.

Ọkàn tí dókítà sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gbàgbé. Ní ọdún tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ bó bá gbálẹ̀ díẹ̀. Wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn. Gbogbo nọ́ọ̀sì ló ti di ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì, ó ti sọ ọ̀kan nínú wọn di ìyàwó. Ní Ọjọ́bọ̀, ó fa ọwọ́ mi mọ́ra.

"Bọ̀dá, Sátidé ń bọ̀."

"Mo mọ̀."

"Má jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan orí rẹ o. Kò ní mọ̀ ọ́n ṣe."

Mo ní mo gbọ́. Ó ní kí n sọ ọ́ síta. Mo ní n kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Ó kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa.

Ilé dákẹ́. Ibùsùn méjì ló wà nínú yàrá mi, n kò gbé ọ̀kan kúrò, n kò sì lè wò ó. Mo máa ń wẹ̀ kíákíá torí pé ilé ìwẹ̀ náà kò ní orin nínú mọ́. Nínú ṣọ́ọ̀bù, èmi fúnra mi ni mo ń gbé dígí, n kì í bèèrè nǹkan kan. Oníbàárà á ní "Ó dára", èmi náà á gbé e kọ́ sára ìṣó. Ojú wọn máa ń lọ sí àpótí ìjókòó rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, wọn á sì tètè wo ibòmíràn. Mo ra ẹ̀wù tuntun kan. Iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ gùn dọ́gba. N kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí lórí fóònù. Obìnrin yìí kì í béèrè nǹkan, àṣẹ ló ń pa.

"Ọ̀la tó jẹ́ Sunday ló pé ọdún kan tá a sin ín," ó ní. "Gbogbo wa fẹ́ jókòó nílé mi, kí oníkálukú sọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ìwọ lo bá a gbé jù, ìwọ lo máa sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn."

"Àǹtí, kí ni mo fẹ́ sọ?"

"Ìyẹn kù sí ẹ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n o ò ní gbé igbó yẹn wọ ilé mi. Bó o bá gbé e wá, màá fi sísọ́ọ̀sì tí mo fi ń gé ẹja gẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo èèyàn. Ṣé inú Báyìí-ńkọ́ á dùn sí i? Ọmọ tó jẹ́ pé orí tó mọ́ ló fẹ́ràn jù láyé?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo dúró níwájú dígí ńlá, mo tan kílípà, mo gbé e sókè. Mo gbé e dé ẹ̀bá etí. Mo pa á. Bí mo bá gẹrun yìí, mo da ìlérí kan ṣoṣo tó gbà lọ́wọ́ mi. Bí n kò bá gẹ̀ ẹ́, n ó jókòó láàárín àwọn ẹbí bí wèrè, n kò sì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo fi fìlà bo orí, mo gba ọ̀dọ̀ Kékeré lọ. Mo sọ fún ara mi pé bó bá jẹ́ ọwọ́ ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni, bóyá kò fi bẹ́ẹ̀ burú.

Ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ kò jìnnà, òpópónà mẹ́ta péré. Ó ti sanra báyìí, kò nílò àpótí mọ́. Nígbà tí mo ṣí fìlà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ọ̀gá! Ẹ̀yin náà dà báyìí?"

"Gẹ̀ ẹ́, má bá mi sọ̀rọ̀."

Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ta aṣọ sí mi lọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀. Irun náà ń já bọ́ sí itan mi, ìdajì rẹ̀ ti funfun, n kò mọ̀ pé ó ti funfun tó bẹ́ẹ̀. Mo di ojú. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ọwọ́ rẹ̀ dúró sí ìsàlẹ̀ ìpàkọ́ mi, lápá òsì.

"Ọ̀gá, tiẹ̀ yìí ńkọ́? Ṣé kí n fi í sílẹ̀?"

"Ti ta ni?"

"Ti Báyìí-ńkọ́. Àmì ẹ̀."

Mo la ojú. "Àmì wo?"

Ó pa kílípà. Ó wò mí nínú dígí láti ẹ̀yìn. "Ọ̀gá, ẹ má bá mi ṣeré."

"Ṣé ojú mi jọ ti ẹni tó ń ṣeré?"

Ó fa àga kan, ó jókòó. Ó ní nígbà tí òun kọ́ àbúrò mi ní kílípà, lọ́sẹ̀ kejì lòun rí i pé ó fi irun díẹ̀ sílẹ̀. Òun ní kó mú un kúrò, ó kọ̀. Ó fi èékánná ìka kékeré wọ̀n ọ́n, ó gẹ àyíká rẹ̀ yípo. "Ó ní ẹ̀yìn gbogbo èèyàn jọra," ni Kékeré wí. "Ó ní nígbà tóun wà lọ́mọdé, òun tẹ̀ lé ẹ̀yìn ẹni ẹlẹ́ni lọ, ẹ wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ ń sunkún. Ó ní òun ò fẹ́ kí ẹ tún sunkún bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìdí tó fi ń fi àmì síbẹ̀ nìyẹn, kó lè máa dá yín mọ̀ láti ẹ̀yìn."

"Ṣé kò sọ pé mo gbá òun létí?"

"Ẹ gbá a létí kẹ̀? Rárá o. Ẹkún yín nìkan ló sọ."

Mo fi ìka wá ibẹ̀ ní ìpàkọ́ mi. Kékeré ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ó ní bí àmì yẹn bá ti dúró, òun ò ní máa fa ẹ̀wù yín mọ́, torí ẹ máa ń bínú. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ Ajé, á wá bá mi, á ní, 'Ó tún ti jábọ́. Kò burú, màá fi òmíràn síbẹ̀ ní Sátidé.' Mo rò pé eré tí ẹ̀yin méjèèjì jọ ń ṣe ni, Ọ̀gá. Ó ní mi ò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ẹ mọ̀."

"Èmi ni mo ń fá a," mo wí. "Tó bá lọ wẹ̀."

Ìpàkọ́ onípàkọ́ là á rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Gbogbo ayé ló ń pa òwe yẹn, èmi sì fi ìpàkọ́ ṣe iṣẹ́ jẹun fún ọgbọ̀n ọdún kí ó tó yé mi. Ní gbogbo Sátidé, ó ń fi nǹkan kan sí mi lára kí ó má bàa sọ mí nù. Ní gbogbo Sátidé, mo ń fá a dànù, n ó sì tún máa pariwo mọ́ ọn lójú títì pé kó fi ẹ̀wù mi sílẹ̀. Kò bi mí lẹ́ẹ̀kan rí. Ó kàn ń fi òmíràn sí i ni. Mo sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù ọmọ iṣẹ́ mi, pẹ̀lú aṣọ ìgẹrun lọ́rùn, n kò sì tijú.

"Fi í sílẹ̀," ni mo wí.

Ó gẹ àyíká rẹ̀ yípo. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ọrùn mi, ó bu páúdà sí i, ó wá mú dígí kékeré. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e.

"Báyìí ńkọ́?"

Ọdún mẹ́tàlá ni ìka mi fi mọ̀ ọ́n, ojú mi kò rí i rí. Ó kéré, ó wọ́ díẹ̀ sí apá kan, ó sì ti funfun. Kékeré tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní ó péye.

N kò dé fìlà padà. Mo ń rìn lọ jẹ́jẹ́ láàárín èrò ìrọ̀lẹ́, kò sí ohun tó ń fa ẹ̀wù mi. Nígbà tí mo dé ìkòríta, níbi tí ó ti máa ń di ẹ̀wù náà mú le sí i, mo dúró. Mọ́tò ti kọjá tán, síbẹ̀ mo ṣì dúró, mo kọ ẹ̀yìn sí àwọn tó ń bọ̀. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí fọwọ́ tọ́ mi léjìká, ó fẹ́ ṣe mí lóore.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Ẹni tó gẹrun fún yín gbàgbé díẹ̀ lẹ́yìn."

"Kò gbàgbé," ni mo dá a lóhùn, mo sì kọjá sí òdìkejì.